FreeStyle Libre 2 fún alátọ̀gbẹ oríṣi kìíní tó wà ní wọ́ọ̀dù: ibi tó ti wúlò àti ibi tó ti lè ṣini lọ́nà

Bí owó ọwọ́ yín kò bá ju ohun kan lọ, ẹ má tíì ra sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ike kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá láti máa wọn ṣúgà. Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ìka wò, sítírípù ṣúgà tí yóò tó lò, àti sítírípù kítóònù (ásíìdì tó ń gbára jọ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ínsúlíìnì kò bá tó). Bí owó bá wá ṣẹ́ kù, FreeStyle Libre 2 tí ilé iṣẹ́ Abbott ń ṣe tó ohun tí èèyàn ń náwó lé lórí fún alátọ̀gbẹ oríṣi kìíní tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù, pàápàá jù lọ nítorí òru. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé gbà gbọ́ àti ìgbà tí kò ṣeé gbà gbọ́, torí pé lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, nọ́ńbà tí kò tọ́ kì í pẹ́ di ínsúlíìnì tí kò tọ́.

Ara ẹni tó ní oríṣi kìíní kì í pèsè ínsúlíìnì mọ́. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí bàbá tó ń lo metformin, oògùn oníhóró àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, tí ibà mú, tí ṣúgà rẹ̀ sì fò sókè díẹ̀. Bí ẹni oríṣi kìíní ò bá tiẹ̀ jẹun rárá, yálà ó ń bì ni o, tàbí ó ń retí iṣẹ́ abẹ, ínsúlíìnì tó máa ń pẹ́ lára, bíi Lantus tàbí Levemir, kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. "Kò tíì jẹun, ẹ fo abẹ́rẹ́ rẹ̀" ni gbólóhùn tó léwu jù tí èèyàn lè gbọ́ ní wọ́ọ̀dù lórí ọ̀rọ̀ àrùn yìí: láàárín wákàtí díẹ̀, kítóònù á ti máa gbára jọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wọn ṣúgà rẹ̀ léraléra. Ẹni tó ń jẹun, kó tó jẹun kọ̀ọ̀kan àti kó tó sùn. Ẹni tí kò jẹun, ní wákàtí 4 sí 6 síra wọn. Ẹni tí ínsúlíìnì ń wọ inú iṣan rẹ̀ lọ, láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 2. Láàárín 140 sí 180 mg/dL ni wọ́ọ̀dù púpọ̀ ń fẹ́ kí ó wà. Bó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 70, ó ti já jù. Ìsàlẹ̀ 54, ewu ti dé.

Ẹ wo iye sítírípù tí ìyẹn ń jẹ. Ẹni tí wọ́n ń gún níka lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́, àádọ́ta sítírípù kò ní gbé e ju ọjọ́ 8 lọ. Síbẹ̀, láàárín agogo 10 alẹ́ sí agogo 6 òwúrọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má gún un. Àkókò yẹn gan-an ni ṣúgà máa ń já wálẹ̀ tí aláìsàn á sì ro pé òun kàn ń sùn ni. Sẹ́ńsọ̀ ló ń dí àlàfo yẹn.

Sẹ́ńsọ̀ náà jẹ́ ike roboto funfun, ó fẹ̀ tó mílímítà 35, ó nípọn tó 5. Okùn tín-ín-rín kan ló wà lábẹ́ rẹ̀ tó wọ inú awọ ara tó bíi mílímítà 5. Omi tó wà láàárín ẹran ara ló ń wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ gan-an, ó sì ń wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ 14. Ẹ ó gbé Reader, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka sẹ́ńsọ̀ náà, súnmọ́ ọn, orí aṣọ pàápàá kò burú, á dún, ṣúgà á sì yọ lójú ẹ̀rọ pẹ̀lú ọfà kan.

Ọfà yẹn ṣe pàtàkì tó nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Ẹ fojú inú wo aláìsàn méjì ní agogo 10 alẹ́, tí ṣúgà àwọn méjèèjì jẹ́ 120 mg/dL. Ẹ gún ìka wọn, bákan náà ni wọ́n rí, a sì kọ 120 sínú fáìlì àwọn méjèèjì. Ẹ wá gbé Reader sí wọn lápá. Ti ẹnì kan, ọfà rẹ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja: ṣúgà rẹ̀ kò yí ju 1 mg/dL lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ti ìkejì, ọfà dorí kodò pátápátá, ìyẹn ni pé ó ń já ju 2 mg/dL lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò wọ 60. Ẹni àkọ́kọ́ lè sùn. Ẹni kejì nílò ohun tí yóò jẹ báyìí, kí wọ́n sì tún ìka rẹ̀ gún kí iná wọ́ọ̀dù tó kú. Kò sí ẹ̀rọ ìka tó lè sọ èyí fún nọ́ọ̀sì.

Síbẹ̀, ohun tí a fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹrù yìí ni ihò kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ Reader. Èyí tí wọ́n ń tà ní Britain máa ń gba sítírípù FreeStyle Optium, ti ṣúgà àti ti kítóònù, tí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ kan náà ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Ti ṣúgà nílò ẹ̀jẹ̀ tíńtín, 0.6 máíkírólítà, ó sì ń dáhùn ní ìṣẹ́jú àáyá 5. Ti kítóònù nílò 1.5, ó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 10. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi bébà dídán wé sítírípù wọ̀nyí, kò dà bí èyí tó wà nínú ìgò tí ẹnì kan á ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì nọ́ọ̀sì títí atẹ́gùn olómi á fi bà á jẹ́. Ní àsìkò òjò, àǹfààní ńlá nìyẹn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kítóònù inú ìtọ̀ náà ti tó. Oríṣi kítóònù tí sítírípù ìtọ̀ ń rí kọ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara bá ń dibàjẹ́. Bí aláìsàn bá sì ti ń gbádùn, ìtọ̀ ṣì lè máa fi hàn bíi pé nǹkan ń burú sí i. Ti ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ òótọ́ lásìkò. Ìsàlẹ̀ 0.6 mmol/L, ara dá. Láti 0.6 sí 1.5, ẹ máa ṣọ́ ọ, kí ẹ tún un wọ̀n. Ju 1.5 lọ, kí dókítà gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Láti 3.0 sókè, pàjáwìrì ni, àní bí ṣúgà kò bá tiẹ̀ ga tó bí ẹ ṣe rò.

Nínú pàjáwìrì kítóònù yìí, sẹ́ńsọ̀ kọ́ ni ẹ ó fi darí ínsúlíìnì. Ara ti gbẹ, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dáadáa dé awọ, omi tí sẹ́ńsọ̀ ń wọ̀n kò sì bá ẹ̀jẹ̀ mu mọ́. Ìka tàbí iṣan ni ẹ ó ti gba ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ṣúgà àti kítóònù pọ̀. Ìlànà Joint British Diabetes Societies, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ àtọ̀gbẹ ní Britain, tí ọ̀pọ̀ dókítà mọ̀ ni ínsúlíìnì yúníìtì 0.1 fún kílò kan ní wákàtí kan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wọn kílò 60 á máa gba yúníìtì 6. Wọ́n ń retí kí kítóònù máa fi 0.5 mmol/L wálẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ṣúgà sì máa fi 3 mmol/L wálẹ̀, ìyẹn 54 mg/dL. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí: ṣúgà á ti já sí ìsàlẹ̀ 14 mmol/L, nǹkan bíi 250 mg/dL, inú gbogbo èèyàn á dùn, ẹnì kan á sì pa ínsúlíìnì. Kítóònù ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Dírípù dextrose 10%, ìyẹn omi ṣúgà, ni wọ́n ń fi kún un ní àkókò yẹn, kí ínsúlíìnì lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ṣúgà já jù; àwọn kan á dín ínsúlíìnì kù, ṣùgbọ́n wọn kì í pa á. Sítírípù kítóònù mẹ́wàá ló máa ń wà nínú páálí kan. Bí ẹ bá ń wọ̀n ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, páálí kan kò ní rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí náà páálí méjì ni kí ẹ gbé wá.

Lílẹ̀ ẹ́ mọ́ra kò le. Ẹ̀yìn apá òkè ni, apá tí wọn kò ní máa so okùn ìfúnpá mọ́. Ẹ fi omi àti ọṣẹ tí kò ní ìpara wẹ ibẹ̀, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi òwú sípírítì nù ún, ẹ sì dúró kó gbẹ tán. Bó bá tutù, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í mú dáadáa. Ẹ ṣí páálí sẹ́ńsọ̀, ẹ yí ìdérí ike ìtẹ̀ kúrò, ẹ mú àmì dúdú ara àwọn méjèèjì bá ara wọn mu, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì tó le títí yóò fi dúró. Ẹ wá gbé e lé apá, ẹ tì í ṣinṣin, ẹ fà á kúrò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn níbẹ̀ láìdúró, ẹ yọ ọ́, kí ẹ lo òmíràn. Ìṣẹ́jú 60 ló ń gbà kó tó sọ nọ́ńbà àkọ́kọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn sì ni kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó ìyókù. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé pẹ̀lú ara gbígbẹ, ẹ jẹ́ kí omi padà sí i lára ná.

Reader ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sẹ́ńsọ̀, kì í ṣe fóònù. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni aláàmù yóò máa dún sí. Bí ó bá jẹ́ fóònù ni, tí àbúrò aláìsàn sì gbé fóònù náà lọ gba káàdì tàbí lọ gba iná sí i níta, aláàmù ti bá a lọ nìyẹn. Báńtìrì Reader máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 7, àìsí iná kò sì fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. 70 mg/dL ni wọ́n ti ṣètò aláàmù ìsàlẹ̀ sí láti ilé iṣẹ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó ti pẹ́ jù. Ẹ gbé e sí 90 tàbí 100, kí àyè wà láti ṣe nǹkan kó tó já. Aláàmù Reader kì í sọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀; bó bá dún, ẹ gbé e sí sẹ́ńsọ̀ kí ẹ rí iye rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ṣe ṣíìfù alẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Wákàtí 8 péré ni sẹ́ńsọ̀ lè fi pa àkọsílẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gbé Reader sí i ní agogo 9 alẹ́, tí wọn kò sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí di agogo 8 òwúrọ̀, wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú òru yẹn ti pòórá, dókítà kò sì ní rí i nígbà tó bá ń wo ìdí tí ṣúgà fi gun òkè láàárọ̀. Ẹ gbé e sí i ní nǹkan bí agogo 3 òru. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, kò sì ní jí aláìsàn.

A dé ibi tó ti lè ṣini lọ́nà, àkọ́kọ́ nínú wọn sì ni fítámì C. Bí ẹni tó lẹ Libre 2 bá ń lo ju 500 mg lọ lójúmọ́, sẹ́ńsọ̀ lè máa fi ṣúgà hàn ju iye tó jẹ́ lọ. Ní ọsibítù tiwa, fítámì C kì í ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni ń bẹ̀rù. Wọ́n á kọ ọ́ mọ́ oògùn ibà, mọ́ oògùn egbò, mọ́ ohun gbogbo. Oníhóró 100 mg, méjì méjì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ti di 600 mg. Èyí tí wọ́n ń jù sínú omi, tí òun fúnra rẹ̀ á máa hó, sábà máa ń jẹ́ 1000 mg lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wo ohun tó lè tẹ̀ lé e: Reader sọ pé 230, ṣúgà gan-an jẹ́ 150, wọ́n fún un ní ínsúlíìnì tó bá ṣúgà 230 mu, ó sì dákú. Ẹ sọ fún dókítà kí ó yọ fítámì C kúrò, tàbí kí ẹ padà sí gígún ìka títí yóò fi lò ó tán.

Bí aláìsàn bá fi ẹ̀gbẹ́ sùn lé sẹ́ńsọ̀ lórí, ara tó fún níbẹ̀ lè mú kí ó pariwo pé ṣúgà já nígbà tí kò já. Ẹ yí i padà, ẹ gún ìka, kí ẹ tó bu gúlúkóòsì fún un. Bí wọ́n bá fẹ́ ya ẹ́ksíréè, CT tàbí MRI, ìtọ́ni ilé iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ni pé kí ẹ yọ ọ́; ẹ ka ìwé inú páálí tiyín. Sẹ́ńsọ̀ tí ẹ bá sì ti yọ, kò ṣeé dá padà. Nítorí náà, bí ẹ bá ti mọ̀ pé wọ́n máa ya àwòrán lọ́la, ẹ má lẹ̀ ẹ́ lónìí. Ẹni tí wọ́n ń fọ kíndìnrín rẹ̀, tàbí tí àìsàn dá gúnlẹ̀ sí ICU (wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe), ẹ̀rọ yìí kì í ṣe tirẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ tún máa ń tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú bí ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ibi tí èyí ti ń dà èèyàn láàmú jù ni ìgbà tí ṣúgà bá já. Gúlúkóòsì gíráàmù 15 sí 20 ni ẹ ó fún un bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì: ìdajì ìgò mínírà 35cl tó ní ṣúgà, kì í ṣe èyí tí wọ́n yọ ṣúgà kúrò nínú rẹ̀. Ẹ gún ìka lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ẹ má wo sẹ́ńsọ̀, torí ó ṣì lè máa sọ pé 60 nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti wọ 95, ẹ ó sì máa rọ mínírà lé mínírà títí ṣúgà á fi di 300. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu: dextrose inú iṣan ni, tàbí abẹ́rẹ́ glucagon 1 mg sínú ẹran ara bí iṣan kò bá ṣeé rí.

Gígún ìka pàápàá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn, tàbí tó po gúlúkóòsì, ṣúgà wà lára ìka rẹ̀. Sípírítì kì í mú un kúrò tó omi àti ọṣẹ. Ẹ fọ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ orí ìka ni kí ẹ gún, àárín rẹ̀ máa ń dunni. Bí ọwọ́ bá tutù, ẹ jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ wá, ẹ má ṣe fún ìka títí omi ara á fi dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Apá tí dírípù dextrose ń wọ̀, ẹ má gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí PCV rẹ̀ (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀) lọ sílẹ̀ gan-an, ẹ̀rọ ìka lè fi ṣúgà rẹ̀ hàn ju bó ṣe wà lọ. Bí ẹ̀rọ bá kọ HI (ṣúgà ga ju ohun tó lè kà) tàbí LO (ó kéré ju ohun tó lè kà), ẹ fi ẹ̀jẹ̀ iṣan ránṣẹ́ sí láàbù nínú ìgò fluoride oxalate, kí ẹ má sì dúró de èsì kí ẹ tó tọ́jú ẹni tó ń làágùn tó ń gbọ̀n. Nínú ìgò lásán, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á máa jẹ ṣúgà náà lọ, láàbù á sì dá nọ́ńbà kékeré padà. Abẹ́rẹ́ ìka kan fún ẹnì kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí àrùn mẹ́dọ̀wú B. Ẹnì kan ṣoṣo náà ni wọ́n ṣe Reader yìí fún. Wọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ yá a láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀pọ̀ tó ní ẹ̀rọ yìí nílé, ẹbí wọn ní London tàbí Manchester ló fi ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ti ń wọlé. mmol/L ni Reader ti Britain ń sọ, kò sì ṣeé yí padà. Mg/dL ni ọ̀pọ̀ fáìlì ọsibítù wa ń lò. Ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀: 3.9 jẹ́ 70, 7.8 jẹ́ 140, 10 jẹ́ 180, 13.3 jẹ́ 240. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí kékeré kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn Reader, kí ẹ sì máa kọ ìwọ̀n náà tẹ̀ lé nọ́ńbà nínú fáìlì ní gbogbo ìgbà. 5.4 tí àmì àárín rẹ̀ parẹ́ ti di 54, ẹni tí ara rẹ̀ dá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba dextrose. Kí ẹ tún kọ S síwájú nọ́ńbà sẹ́ńsọ̀ àti I síwájú ti ìka, kí dókítà tó ń bọ̀ láàárọ̀ lè mọ èyí tó ń kà.

Kí ẹni tó ń rà á ra sẹ́ńsọ̀ àti Reader láti orílẹ̀-èdè kan náà, torí èyí tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà lè má bá Reader ti Britain ṣiṣẹ́. Kí ó wo ọjọ́ tí ó máa bàjẹ́ lára páálí. Èyí tó ń jẹ́ Libre 2 Plus máa ń lo ọjọ́ 15, ìtọ́ni rẹ̀ lórí fítámì C kò sì rí bákan náà, ẹ ka ìwé inú páálí rẹ̀. Ẹrù tó yẹ kó wà nínú báàgì aláìsàn ni sẹ́ńsọ̀ méjì, kí ọ̀kan wà nípamọ́ bí wọ́n bá ní kó yọ ti àkọ́kọ́ fún ẹ́ksíréè, Reader àti wáyà rẹ̀, sítírípù ṣúgà 50, kítóònù páálí méjì, abẹ́rẹ́ ìka, àti ínsúlíìnì tirẹ̀ gan-an, torí kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní irú èyí tó ń lò. Ike ìtẹ̀ tí ẹ ti lò ṣì ní abẹ́rẹ́ nínú, inú páálí ìdabẹ́rẹ́nù ni kí ẹ jù ú sí, kì í ṣe agbọ̀n ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.